Coupe de l'Outre-Mer: eré kan, ọjọ́ méjì, àmì tí kò bára mu

Tóyìn_Alátẹ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Mò ń kọ ojú-ewé kan sí Wikipedia Yorùbá lórí Coupe de l'Outre-Mer, ìdíje tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé ṣe fún àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Faransé lókè òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gbá a: 2008, 2010 àti 2012. La Réunion gba ife ti 2008 àti ti 2012, Martinique gba ti 2010, àwọn méjèèjì yìí náà ló sì ń pàdé ní àṣekágbá. Ibi tó yé mi mọ nìyẹn.

Ohun tó kù ló ń dà mí láàmú. Eré kan náà, ìwé ìròyìn kan fi í sí ọjọ́ Wẹ́sìdeè, òmíràn fi í sí Tọ́sìdeè. Àwọn àmì tí mò ń rí kò bá ìṣirò mẹ́ta fún ẹni tó borí, ọ̀kan fún ọ̀mì mu rárá. Mi ò mọ àsíá tó yẹ kó wà níwájú orúkọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tún mọ̀ bóyá góòlù tí èèyàn jẹ níbẹ̀ ṣeé kà mọ́ èyí tó jẹ fún orílẹ̀-èdè. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti mú un? Ẹ má kàn sọ pé kí n pa ojú-ewé náà rẹ́ o.

Baba Ẹ̀ka Eré

Tóyìn ọmọ mi, ọjọ́ ni kí o kọ́kọ́ mú. Bí ọjọ́ bá wọ́, gbogbo àtẹ á wọ́ tẹ̀lé e.

Agbègbè Paris, ìyẹn Île-de-France, ni wọ́n ti gbá ìdíje náà, ní apá ìparí oṣù September. Àmọ́ àwọn tó ń kọ ìròyìn rẹ̀ fún àwọn ará ilé wà káàkiri òkun mẹ́ta. Lásìkò yẹn nínú ọdún, aago Paris fi wákàtí 2 ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Bí rẹfirí bá fun fèrè ní aago 8 alẹ́ ní Paris, aago 2 ọ̀sán ni ní Fort-de-France (Martinique) àti Pointe-à-Pitre (Guadeloupe), aago 3 ọ̀sán ní Cayenne (Guyane) àti Saint-Pierre (Saint-Pierre-et-Miquelon), aago 9 alẹ́ ní Mamoudzou (Mayotte), aago 10 alẹ́ ní Saint-Denis ti Réunion. Ní Papeete (Tahiti), aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni. Nouméa (Nouvelle-Calédonie) nìkan ló ti bọ́ sí ọjọ́ kejì: aago 5 ìdájí ni níbẹ̀.

Torí náà, eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 3 ọ̀sán ní Paris, òru gan-an ni ní Nouméa, èyí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti di ti ọ̀la. Ibẹ̀ ni Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè rẹ ti wá. Ìwé ìròyìn méjèèjì ló sòótọ́. Ọjọ́ ibi tí pápá wà ni kí o máa kọ, ìyẹn ọjọ́ Paris, kí o sì kọ "wákàtí Paris" sórí òpó náà kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà wá tún un ṣe sódì.

Ọ̀nà kejì tí ọjọ́ fi máa ń yẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé. Eré alẹ́ kì í wọ ìwé àárọ̀ ọjọ́ náà. Má wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé. Wá orúkọ ọjọ́ nínú ìròyìn fúnra rẹ̀, "mardi" (Túsìdeè) tàbí "mercredi" (Wẹ́sìdeè), kí o fi kàlẹ́ńdà ọdún yẹn wò ó. Bí ó bá jẹ́ "hier soir" (alẹ́ àná) nìkan ló wà níbẹ̀, yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ ìwé, ṣùgbọ́n kí o tún wá ẹ̀rí kan sí i kí o tó fọwọ́ sí i.

Ìṣirò_Ò_Parọ́

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Èmi á mú ti àmì.

Láwọn ọdún yẹn, ìdíje àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Faransé kì í lo 3-1-0. 4-2-1 ni wọ́n ń lò: 4 fún ẹni tó borí, 2 fún ọ̀mì, 1 fún ẹni tó fìdí rẹmi. Ẹni tí kò bá yọjú sí pápá ló máa ń gba òdo. Nítorí náà, kí ó tó di pé o "tún" àmì kankan ṣe, mọ èyí tí àtẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ lò. Ó yá jù láti wo ikọ̀ ìsàlẹ̀. Ikọ̀ tó gbá eré 3 tó sì fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó bá ní àmì 3, 4-2-1 ni wọ́n lò. Bí ó bá ní òdo, 3-1-0 ni.

Bí kò bá sí ikọ̀ tó fìdí rẹmi pátápátá, ro gbogbo àmì ìsọ̀rí náà pọ̀. Ní 4-2-1, eré tí ẹnì kan borí ń pín àmì 5, ọ̀mì ń pín 4. Ní 3-1-0, ó ń pín 3, ọ̀mì ń pín 2. Nítorí náà:

àpapọ̀ àmì = 5 × iye eré − iye ọ̀mì (fún 4-2-1)
àpapọ̀ àmì = 3 × iye eré − iye ọ̀mì (fún 3-1-0)

Ìsọ̀rí oníkọ̀ mẹ́rin ń gbá eré 6. Bí ọ̀mì 2 bá wà níbẹ̀, 28 ló yẹ kó jáde ní 4-2-1, 16 ní 3-1-0. Bí ohun tó jáde kò bá bá èyíkéyìí mu, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀: wọ́n kọ àbájáde eré kan sódì, tàbí ikọ̀ kan kò wá sí pápá (àmì kan á dín), tàbí òfin ìdíje náà fún ẹni tó borí nínú pẹnárítì ní àmì lé lẹ́yìn ọ̀mì (àmì kan á lé fún ọ̀mì kọ̀ọ̀kan). Tún ro góòlù náà: góòlù tí gbogbo ìsọ̀rí jẹ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n jẹ sí wọn lára. Ìyẹn máa ń tú àṣírí kíákíá ju àmì lọ.

Lákòótán, má yí 4-2-1 padà sí 3-1-0 nítorí kí ó lè jọ tàwọn ojú-ewé yòókù. Bí o bá yí i padà, ipò àwọn ikọ̀ lè yí padà, wàá wá fi ẹni tí kò gba ipò kìíní sí ipò kìíní.

Múfú Ìdí-Ìkán

Ìṣirò, orúkọ yín ò parọ́ lóòótọ́, àmọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ò dúró. Ẹ wò ó dáadáa: 4-2-1 ò ju 3-1-0 tí wọ́n fi àmì kan lé fún eré kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gbá. Bí gbogbo ikọ̀ inú ìsọ̀rí bá ti gbá iye eré kan náà tán, ipò wọn ò lè yí padà láé. Ikọ̀ tó borí lẹ́ẹ̀kan tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ní 6, ikọ̀ tó ta ọ̀mì mẹ́ta ní 6. Lọ́nà kejì, 3 àti 3 ni. Wọ́n ṣì dọ́gba.

Ibi tó ti lè yí ni ìgbà tí ìsọ̀rí kò tíì parí, tàbí tí ẹnì kan kò wá sí pápá. Síbẹ̀ èmi náà ò fara mọ́ kó yí i, torí ohun tí òfin ìdíje sọ ni ìtàn.

Lórí ọ̀rọ̀ góòlù orílẹ̀-èdè: kò sí èyí tó wà nínú FIFA nínú àwọn ikọ̀ wọ̀nyẹn, apá Faransé ni gbogbo wọn. Nítorí náà kó má ka góòlù kankan. Ó parí.

Ìṣirò_Ò_Parọ́

Òótọ́ ni, Múfú. Tóyìn, gba tirẹ̀ lórí ipò, kí o fi tèmi sílẹ̀. Òdo tí wọ́n ń fún ẹni tí kò wá sí pápá nìkan ni kí o ṣọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Pọ́tò-Nóvò ni mo ti ń kọ ọ́. Èdè Faransé ni gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ má bínú, kò parí. Méjì nínú wọn wà nínú FIFA: Tahiti láti 1990, Nouvelle-Calédonie láti 2004. Àwọn méjèèjì wà ní OFC, àjọ ilẹ̀ Oceania. Tahiti yẹn kan náà ni Super Eagles gbá 6–1 ní Belo Horizonte ní June 17, 2013, nínú Confederations Cup. Bí wọn kò bá sí nínú FIFA, báwo ni wọn ì bá ṣe débẹ̀?

Bí ipò àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe rí láàárín 2008 sí 2012 nìyí. Martinique, Guadeloupe àti Guyane wà ní CONCACAF, àjọ Àríwá àti Àárín Amẹ́ríkà pẹ̀lú Caribbean, wọn kò sí ní FIFA. 2013 ni CONCACAF sọ wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, lẹ́yìn tí ìdíje wa ti kásẹ̀ nílẹ̀. La Réunion so mọ́ CAF, àjọ ilẹ̀ Áfíríkà, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, kò sì sí ní FIFA. Mayotte àti Saint-Pierre-et-Miquelon kò sí lábẹ́ àjọ ilẹ̀ kankan. Ìṣàkóso bọ́ọ̀lù Faransé nìkan ló so wọ́n mọ́ ayé.

Nítorí náà, nínú gbogbo eré tó lè wáyé láàárín mẹ́jọ wọ̀nyí, Tahiti pẹ̀lú Nouvelle-Calédonie nìkan ni ọmọ FIFA méjì á ti kojú ara wọn. Àní èyí náà, wo àkọsílẹ̀ FIFA fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Bí kò bá sí níbẹ̀, má kà á. Eré yòókù, ya òpó méjì: "fún ikọ̀ erékùṣù rẹ̀" àti "nínú àkọsílẹ̀ FIFA". Góòlù agbábọ́ọ̀lù Martinique kan ṣeé kà mọ́ iye tó jẹ fún Martinique láìsí wàhálà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí a dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ẹlòmíràn jẹ fún Faransé.

Ohun kan tún wà, ẹ̀yin ará. Àtẹ kan lè kún fún orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù dípò ikọ̀ erékùṣù, torí àwọn ìdíje míràn ti wà rí tí wọ́n ń pè ní Coupe des DOM àti Coupe DOM-TOM. Àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì erékùṣù wọn ló wà fún, kì í ṣe tiwa. Bí ẹ bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àmì àyọlò yí "Coupe de l'Outre-Mer" ká, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ "sélection" (ikọ̀ àṣàyàn) àti ọdún tì í. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ife ọkọ̀ ojú omi àti ti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni yóò kún iwájú yín.

Múfú Ìdí-Ìkán

Mo gbà. Mo gbàgbé Tahiti pátápátá, pẹ̀lú gbogbo góòlù tí Oduamadi kó sínú ilé wọn lọ́jọ́ yẹn.

Aríbisálà_KT

Tóyìn, o kọ ọ́ lókè pé ìdíje "àwọn erékùṣù" ni. Guyane kì í ṣe erékùṣù. Ara ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ó bá Brazil àti Suriname pààlà, ibẹ̀ ni Kourou wà tí wọ́n ti ń yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kọ "àwọn ilẹ̀ Faransé lókè òkun, méje nínú wọn jẹ́ erékùṣù".

Má sì kọ "départements" (ẹkùn ìjọba Faransé) fún gbogbo wọn. Nouvelle-Calédonie, Polynésie àti Saint-Pierre-et-Miquelon ní ipò tiwọn lọ́tọ̀. Mayotte tilẹ̀ yí padà láàárín: ní 2008 àti 2010 kò tíì di département, March 31, 2011 ló dì í. Nínú ojú-ewé 2012 nìkan ni o lè pè é bẹ́ẹ̀.

Tahiti náà kì í ṣe Tahiti nìkan. Orúkọ tí FIFA ń pe gbogbo Polynésie Faransé ni. Agbábọ́ọ̀lù láti Moorea tàbí Bora Bora, Tahiti ló ń gbá fún. Bí o bá so orúkọ ikọ̀ náà mọ́ ojú-ewé erékùṣù Tahiti, o ti ṣì í. So ó mọ́ ti Polynésie Faransé.

Má sì rò pé gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wá sí ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ àwọn tó wá lọ́dún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má da àtẹ 2012 kọ sórí 2008. Wallis-et-Futuna àti Saint-Martin, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Faransé, kò sí lára wọn. Bí o bá rí wọn nínú àtẹ kan, fura sí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyá Kékeré

Ẹ jẹ́ ká dé orí àsíá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà jù lórí àwọn ojú-ewé báyìí, ìjà náà kì í sì í tán.

Fi àsíá tí wọ́n ń lò lọ́dún eré sí i, má fi ti òní. Martinique ló le jù. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ojú-ewé àtijọ́ ń lò ni èyí tó ní ejò mẹ́rin lórí búlúù, tí àgbélébùú funfun là á sí mẹ́rin. Láti ayé òwò ẹrú ló ti wá, ọ̀pọ̀ ará Martinique ò sì fẹ́ rí i sójú. Ní 2018 Ààrẹ Macron ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára aṣọ àwọn ọlọ́pàá gendarme níbẹ̀. Èyí tó pupa, tó ní àwọ̀ ewé, tó sì dúdú, 2023 ni ìjọba Martinique gbà á wọlé. Méjèèjì kò bá eré 2010 mu: ọ̀kan ń bí àwọn onílé nínú, èkejì kò tíì di ti ìjọba nígbà náà.

Nouvelle-Calédonie: títí di July 2010, aláwọ̀ mẹ́ta ti Faransé nìkan ni ti ìjọba. Nínú oṣù yẹn ni wọ́n fi àsíá Kanak, ìyẹn ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kún un, wọ́n ń ta méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ojú-ewé 2008 àti ti 2010 kò lè ní àsíá kan náà. La Réunion kò ní àsíá tí ìjọba fọwọ́ sí. Èyí tó ní òkè iná àti ìtànṣán oòrùn, ẹgbẹ́ kan ló gbé e jáde. Polynésie ní tirẹ̀ láti 1984, ìyẹn kò ní wàhálà.

Aríbisálà_KT

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí a ò kàn fi aláwọ̀ mẹ́ta Faransé sí iwájú gbogbo wọn? Gbogbo wọn ló wà lábẹ́ Faransé. Wàhálà tán.

Ìyá Kékeré

Kò tán, àbúrò. Lákọ̀ọ́kọ́, àtẹ tí àsíá mẹ́jọ rẹ̀ jọra kò wúlò fún ojú. Orúkọ lásán sàn jù ú lọ. Èkejì, àsíá Faransé níwájú Mayotte kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lágbègbè yẹn. Comoros gba òmìnira ní 1975, ó sì ń sọ títí dòní pé Mayotte jẹ́ ara òun. Níbi Eré àwọn Erékùṣù Òkun Íńdíà ní La Réunion ní 2015, nígbà tí àwọn ará Mayotte tò jáde lẹ́yìn àsíá Faransé, ńṣe ni ikọ̀ Comoros kó ẹrù wọn kúrò nínú eré náà.

Ohun tí èmi ń gbà níyànjú ni kí a má fi àsíá kankan sí i. Fi lẹ́tà mẹ́ta ṣe àmì ikọ̀: MTQ, GLP, GUF, REU, MYT, SPM, NCL, TAH. Tahiti nìkan ló yàtọ̀ níbẹ̀, TAH ti FIFA ni. PYF ni ó ń jẹ́ nínú àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé. Bí ẹ bá lo PYF nínú àtẹ kan, ẹ lò ó dé ìparí.

Baba Ẹ̀ka Eré

Èmi fara mọ́ ti Ìyá Kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ àsíá, kó wá a lórí ojú-ewé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Dókítà Ọ̀bẹ̀

Wákàtí tí Bàbá kọ fún Saint-Pierre-et-Miquelon nílò àtúnṣe díẹ̀. Wọ́n máa ń yí aago ní erékùṣù náà. Lóṣù September ó fi wákàtí 2 péré wà lẹ́yìn UTC, kì í ṣe 3. Aago 8 alẹ́ Paris jẹ́ aago 4 ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀. Cayenne kì í yí aago, nítorí náà aago 3 rẹ̀ tọ̀nà.

Baba Ẹ̀ka Eré

O ṣeun, Dókítà. Aago 4 ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kù. Tóyìn, wọ́n lè bi ọ́ pé kí ló dé tí orúkọ ńláńlá kò sí nínú àwọn ikọ̀ náà nígbà tó jẹ́ pé àwọn erékùṣù yìí ló bí ọ̀pọ̀ àgbà agbábọ́ọ̀lù Faransé. Ìdí rẹ̀ ni ọjọ́. Òpin September kò bọ́ sí àwọn ọjọ́ tí FIFA yà sọ́tọ̀ fún eré orílẹ̀-èdè láwọn ọdún yẹn, kò sì sí òfin tó lè mú ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún ikọ̀ tí kò sí nínú FIFA. Àwọn tó ń gbá líìgì ilé ni wọ́n gbára lé. Nítorí náà, bí o bá rí orúkọ kan tó jọ ti ìlúmọ̀ọ́ká, má yára so línkì mọ́ ọn. Wo ọjọ́ ìbí àti ẹgbẹ́ tó ń gbá fún lọ́dún yẹn. Orúkọ ìdílé kan náà pọ̀ lọ jàra láwọn erékùṣù: ikọ̀ Tahiti tó wá bá wa ní 2013 ní Tehau mẹ́rin, Alvin, Lorenzo, Jonathan àti Teaonui. Jonathan ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n rí lọ́wọ́ wa, òun náà ló sì jẹ ọ̀kan sínú ilé ara wọn. Ẹni tó bá kọ "Tehau" lásán síbẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀. Kọ orúkọ àkọ́kọ́ ní kíkún nígbà gbogbo.

Bákan náà, gbígbá bọ́ọ̀lù fún Martinique tàbí Réunion kò ti ilẹ̀kùn Faransé mọ́ ẹnikẹ́ni, torí wọn kì í ṣe ọmọ FIFA. Ti òdìkejì ló ní òfin. Jocelyn Angloma gbá fún Faransé, ó wá gbá fún Guadeloupe ní Gold Cup, ife àwọn ikọ̀ CONCACAF, ti 2007 tí wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. CONCACAF gbà á láyè torí ó ti ju ọdún 5 lọ tó ti gbá fún Faransé kẹ́yìn.

Múfú Ìdí-Ìkán

Ẹ fi Malouda, tí òun náà ti gbá fún Faransé rí, kún un. Gold Cup 2017, Guyane fi í sí pápá kojú Honduras bí wọ́n tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn. Òdo sí òdo ni wọ́n gbá lórí pápá, CONCACAF sọ ọ́ di 3–0 fún Honduras. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Tóyìn ni bí a ṣe ń kọ irú àbájáde bẹ́ẹ̀: 3–0 ló ń wọ àtẹ àmì, 0–0 ni kó wà nínú àlàyé ìsàlẹ̀, góòlù mẹ́ta yẹn kò sì ní ẹni tó jẹ wọ́n. Bí o bá rí 3–0 tí kò ní orúkọ ẹni tó jẹ góòlù nínú Coupe de l'Outre-Mer, bi ara rẹ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Tóyìn_Alátẹ

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìdánwò àmì yẹn ṣiṣẹ́: àtẹ tó wà lọ́wọ́ mi, 4-2-1 ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Kí ni kí n kọ pé ó pa ìdíje náà lẹ́yìn 2012? Eré tó parí sí pẹnárítì ńkọ́? Bí ìwé ìròyìn méjì bá sì kọ góòlù tó yàtọ̀ síra fún eré kan, èwo ni kí n gbà?

Aríbisálà_KT

Owó ló pa á. Wo máàpù: Nouméa sí Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17,000 kìlómítà, Papeete ju 15,000 lọ, La Réunion ju 9,000, Fort-de-France ń lọ sí 7,000. Kó èèyàn bí 25 láti ibì kọ̀ọ̀kan, agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá àti dókítà, kí o wá fi oúnjẹ àti ibùsùn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ìdíje tí kò ní owó tẹlifíṣọ̀n tó jọjú kò lè ru ìyẹn pẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Owó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ má fi í ṣe ìdí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn 2013, ọ̀nà Gold Cup àti ìdíje Caribbean ti là fún Martinique, Guadeloupe àti Guyane gẹ́gẹ́ bí ọmọ kíkún. Tahiti àti Nouvelle-Calédonie ní ife OFC tiwọn. La Réunion àti Mayotte ní Eré Òkun Íńdíà. Saint-Pierre-et-Miquelon, erékùṣù tí èèyàn ibẹ̀ kò ju bí 6,000 lọ tó sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta péré, ni kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Òun ni òpin ìdíje yìí dùn jù, lójú tèmi.

Tóyìn, lójú-ewé rẹ, kọ ohun tó dájú nìkan: wọ́n gbá a kẹ́yìn ní 2012. Bí o bá fẹ́ fi ìdí kan sí i, kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́. Ti èmi àti Aríbisálà níbí, èrò wa ni.

Ìṣirò_Ò_Parọ́

Pẹnárítì: ọ̀mì ni eré náà nínú gbogbo àkọsílẹ̀. Góòlù pẹnárítì kì í wọ góòlù tí ikọ̀ jẹ, kì í wọ iye góòlù agbábọ́ọ̀lù, aṣọ́lé kì í sì í rù ú. Kọ ọ́ báyìí: 1–1 (pẹn. 5–4). Nínú òpó "borí / ọ̀mì / fìdí rẹmi", ọ̀mì ni fún àwọn méjèèjì, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé ife lọ. Pẹnárítì tí wọ́n fún ikọ̀ láàárín eré kò sí nínú èyí o. Góòlù gidi nìyẹn.

Baba Ẹ̀ka Eré

Ti ìwé méjì tó tako ara wọn: má ka iye ìwé bí ẹni ń ka ìbò. Ìwé mẹ́ta lè da ìròyìn kan náà kọ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn kan, kí gbogbo wọn sì ṣì í. Wo èyí tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ góòlù àti ìṣẹ́jú rẹ̀. Bí ìwé kan bá sọ 4–1 tó sì dárúkọ góòlù márùn-ún pẹ̀lú ìṣẹ́jú, ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èyí tó sọ 4–2 láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, fi ìdánwò góòlù tí Ìṣirò kọ́ ọ wò ó: fi 4–1 sínú àtẹ, kí o wò ó bóyá àpapọ̀ góòlù ikọ̀ méjèèjì bá èyí tó wà nínú àtẹ tí wọ́n tẹ̀ jáde mu, fi 4–2 sí i, kí o tún wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ṣoṣo ló máa wọ̀ ọ́.

Ibi tí o ti lè rí wọn: France-Antilles fún Martinique àti Guadeloupe, France-Guyane fún Guyane, Le Quotidien àti Journal de l'île fún La Réunion, Les Nouvelles Calédoniennes fún Nouméa. RSSSF, ìkànnì tó ń tọ́jú àbájáde bọ́ọ̀lù àgbáyé, ti kó púpọ̀ jọ, ṣùgbọ́n àwọn olùyọ̀ǹda ló ń ṣe é, nítorí náà fi ìwé ìròyìn tì í lẹ́yìn. Fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, RFO ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà títí di òpin November 2010. Lẹ́yìn rẹ̀ ló di 1ère. Bí o bá ń wá ti 2008 àti 2010, RFO ni kí o tẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo fi kan kún un: ilé iṣẹ́ France-Antilles wó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 kí ẹlòmíràn tó rà á. Má gbára lé línkì rẹ̀ àtijọ́. Lẹ ádírẹ́ẹ̀sì náà mọ́ Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ewé àtijọ́, kí o yan ẹ̀dà tó súnmọ́ ọjọ́ eré jù lọ, kí o sì fi línkì ẹ̀dà náà sínú ojú-ewé rẹ dípò ti ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀.

Ìyá Kékeré

Bí ìdánwò góòlù kò bá dá a, Tóyìn, fi àbájáde tí o gbà sínú àtẹ, kí o kọ èkejì sí àlàyé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìwé tó sọ ọ́. Má ṣe fi àmì ìbéèrè sínú àtẹ. Ẹnì kan á yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní sọ ìdí.